Fáìlì Ìbẹ̀rẹ̀ Python àti Iṣẹ́ Lórí Èdè Yorùbá

Púpọ̀ nínú àwa tí ń ṣe ìwádìí lórí èdè Yorùbá ni ó ń lo kọ̀ǹpútà nísinsìnyí láti mọ iye ọ̀rọ̀ inú ìwé, tàbí láti fi ìwé kan wé òmíràn. Python, èdè tí Guido van Rossum kọ́kọ́ gbé jáde ní ọdún 1991, ni èmi fi ń ṣe tèmi. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ ṣe àlàyé nípa rẹ̀ níhìn-ín. Ohun náà kéré, ṣùgbọ́n ó ti da iṣẹ́ mi rú rí: èyí ni fáìlì tí kọ̀ǹpútà máa ń kà fúnra rẹ̀, kí ó tó gba àṣẹ àkọ́kọ́ lọ́wọ́ wa.

Àṣà yìí ti wà kí Python tó dé. Ní nǹkan bí ọdún 1963 sí 1964, ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà, ọmọ Faransé kan tí ń jẹ́ Louis Pouzin ṣe ètò kan tí a pè ní RUNCOM. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú àwọn àṣẹ tí a ti tò sínú fáìlì, kí ó sì ṣe wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láti inú orúkọ yìí ni lẹ́tà méjì náà, rc, ti wá, tí a ń rí ní ìparí orúkọ fáìlì bí .bashrc títí di òní.

Ní ti Python, a ó kọ àwọn àṣẹ tí a fẹ́ sínú fáìlì kan, a ó sì fi orúkọ náà PYTHONSTARTUP sọ ibi tí fáìlì náà wà fún kọ̀ǹpútà. Nígbà tí a bá pe Python láti máa bá a sọ̀rọ̀ ní gbólóhùn kan sí èkejì, yóò ka fáìlì náà tán kí ó tó fi àmì rẹ̀, >>>, hàn. Gbogbo ohun tí fáìlì náà bá sọ lórúkọ ni a ó bá níbẹ̀, bí ẹni pé àwa ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ odidi ètò tí a ti kọ parí ni a ní kí ó ṣe, Python kò ní wo fáìlì náà rárá. Ọgbọ́n ni èyí, bí ó tilẹ̀ ti bí mi nínú nígbà kan rí.

IPython, tí Fernando Pérez bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2001, ní ọ̀nà tirẹ̀. Fódà kan wà tí ń jẹ́ startup, nínú .ipython/profile_default, gbogbo fáìlì Python tí a bá kó síbẹ̀ ni yóò ṣe, gẹ́gẹ́ bí orúkọ wọn ti tẹ̀lé ara wọn. Nítorí náà ni a ṣe ń fi nọ́ńbà ṣíwájú orúkọ fáìlì. Kí ẹ kọ ọ́ ní 02 àti 10 o. Bí ẹ bá kọ 2 lásán, 10 ni yóò ṣíwájú rẹ̀. Ìwé Jupyter, tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ fi ń kọ́ni, ń gba inú fódà yìí kọjá pẹ̀lú.

Kí ni onímọ̀ Yorùbá ń wá níbẹ̀? Ẹ wo lẹ́tà tí ó gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ náà, iṣẹ́. Lójú wa, ọ̀kan ni. Nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń pa lẹ́tà mọ́, ọ̀nà mẹ́rin ni a lè gbà kọ ọ́: a lè kọ e, kí a fi àmì ìsàlẹ̀ tẹ̀lé e, kí a tó fi àmì ohùn sí i, a lè fi àmì ohùn ṣíwájú àmì ìsàlẹ̀, a lè mú ẹ tí ó ti ní àmì ìsàlẹ̀ lára, kí a fi ohùn kún un, a sì lè mú é tí ó ti ní ohùn lára, kí a fi àmì ìsàlẹ̀ kún un. Bákan náà ni wọ́n rí lójú. Ṣùgbọ́n Python yóò ka méjì àkọ́kọ́ sí ohun mẹ́ta, yóò sì ka méjì ìyókù sí ohun méjì. Bí ènìyàn méjì bá tẹ ìwé kan lórí kọ̀ǹpútà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, iṣẹ́ inú ìdajì kan lè di ọ̀rọ̀ mìíràn sí iṣẹ́ inú ìdajì kejì.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le:

from unicodedata import normalize
def ya_oro(iwe):
    return normalize("NFC", iwe).split()

NFC yìí ni ó ń sọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di ọ̀kan. Kò lè ran ẹni tí ó fa ìlà kékeré sí abẹ́ lẹ́tà dípò àmì róbótó lọ́wọ́, nítorí pé ohun ọ̀tọ̀ ni ìlà jẹ́ lójú Unicode. Àwa fúnra wa ni a ó pààrọ̀ ìyẹn.

Mo fi ya_oro sínú fódà startup mi, mo sì gbàgbé pé ó wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ kan, mo fún akẹ́kọ̀ọ́ mi kan ní ìwé Jupyter mi pé kí ó ṣe é lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Python dá a lóhùn pé òun kò mọ ohun tí ń jẹ́ ya_oro. Ọmọ náà kò fẹ́ yọ mí lẹ́nu. Ó kọ ya_oro tirẹ̀, ó sì lo split nìkan. Ètò náà ṣiṣẹ́ láìkọsẹ̀, ṣùgbọ́n oríṣi ọ̀rọ̀ tí ó rí pọ̀ ju tèmi lọ. Mo bá a wí pé kò fara balẹ̀. Ó pẹ́ kí a tó mọ̀ pé ọ̀dọ̀ mi ni ẹ̀bi wà, mo sì bẹ̀ ẹ́. Bí ó bá ti ṣi nọ́ńbà tirẹ̀ kọ sínú ìwé àṣekágbá rẹ̀ ńkọ́?

Láti ìgbà náà, àwọ̀ àti ìrísí ojú ìwé nìkan ni mo ń fi sínú fáìlì ìbẹ̀rẹ̀, ohun tí kò lè yí èsì padà. N kò tilẹ̀ fi import síbẹ̀ mọ́. Ní ti sitecustomize, fáìlì mìíràn tí Python ń pè kódà nígbà tí ó bá ń ṣe odidi ètò, n kò fọwọ́ sí i fún iṣẹ́ ìwádìí rárá. Inú yoruba.py ni ya_oro wà báyìí, nínú fódà kan náà pẹ̀lú ìwé Jupyter, ìlà àkọ́kọ́ ìwé náà ni ó sì ń pè é. Kí n tó fi iṣẹ́ kankan ránṣẹ́, mo máa ń ṣe àwọn àṣẹ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i nínú profile tí mo fi ipython profile create ofifo dá, tí n kò fi fáìlì kankan sínú fódà startup rẹ̀.