Ẹ̀rọ tó ń gún iyán ní Tógò: ibo ni ẹ̀tọ́ ẹni tó ṣe é dé?

Ẹni tó bá ti gún iyán fún ogún àlejò rí mọ ohun tí ọmọ odó ń fi ojú apá rí. Ní Atakpamé àti àwọn abúlé Ifẹ̀ tó yí i ká, iṣẹ́ yìí kì í tán. Ọmọ Tógò kan, Logou Minsob, ló ṣe ẹ̀rọ Foufoumix, tó ń sọ iṣu sísè di iyán láìlo odó.

Kí ẹlòmíràn má baà máa ṣe irú rẹ̀ tà, ó gba ìwé ẹ̀tọ́ tí wọ́n ń pè ní "brevet" lọ́wọ́ OAPI, àjọ tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Yaoundé, ní Kamẹrúùnù. Orílẹ̀-èdè 17 ló wà nínú àjọ náà, Tógò àti Benin wà níbẹ̀. Ọdún 20 ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń lò, bí ẹni tó ni ín bá ń san owó ọdọọdún.

Ẹ̀yin alágbẹ̀dẹ àti ajórin, ẹ ṣọ́ra o. Ohun tuntun nìkan ni wọ́n ń fún ní ìwé. Ẹni tó bá ti pàtẹ tirẹ̀ lọ́jà kó tó kọ̀wé lè pàdánù ẹ̀tọ́ náà. (Odó fúnra rẹ̀ ńkọ́? Kò sẹ́ni tó lè gbà á mọ́ wa lọ́wọ́.)

Nàìjíríà kò sí nínú OAPI. Bí ẹ bá ń kó ẹ̀rọ yín gba Benin lọ sí Ìbàdàn, ìwé Yaoundé kò ṣiṣẹ́ mọ́ tí ẹ bá ti kọjá ẹnubodè. Oṣù 12 lẹ́yìn tí ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé lẹ ní láti fi béèrè ti Nàìjíríà, kí wọ́n ṣì kà á sí ohun tuntun.