Àwòṣe Ọkọ̀ Ojú Irin Eléèédú fún Ìkọ́ni: Yíyan Òṣùwọ̀n, Ẹ́ńjìnnì àti Kọ́ọ̀ṣì

Ìfáàrà

Ní ọdún 1896 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí tẹ́ ojú irin láti Ìddó ní Èkó. Ní 1901 ni wọ́n ṣí i dé Ìbàdàn. Ó dé Òṣogbo ní 1907, ó wọ Ìlọrin ní 1908, ó sì dé etí Odò Ọya ní Jẹ́bà ní 1909. Ọ̀nà yìí ni ó so Ọ̀fà, Ìlọrin àti Jẹ́bà, tí gbogbo wọn wà ní Ìpínlẹ̀ Kwara lónìí, mọ́ Èkó ní ìsàlẹ̀ àti Kánò lókè. Ẹ́ńjìnnì tí ń jẹ èédú, tí ń mu omi, tí ń tú èéfín ni ó ń fa ọkọ̀ lórí ọ̀nà náà títí di àárín àwọn ọdún 1950, nígbà tí ẹ́ńjìnnì oní-dísẹ́ẹ̀lì bẹ̀rẹ̀ sí gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn ọmọ tó wà ní ilé-ìwé lónìí kò bá ẹ́ńjìnnì yìí lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ náà kò sì bá a. Nígbà tí olùkọ́ bá dé orí ẹ̀kọ́ nípa ìrìnnà, nípa òwò ayé àtijọ́ tàbí nípa agbára ooru, ọ̀rọ̀ ẹnu àti àwòrán inú ìwé ni ó sábà máa ń gbára lé. Yorùbá sì bọ̀, wọ́n ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Àwòṣe tí ọmọ lè fọwọ́ kàn, tí ó sì ń rìn lórí irin tirẹ̀, ni ó súnmọ́ àfojúbà jù lọ.

Ṣùgbọ́n bí àwòṣe ṣe lè kọ́ ọmọ ní òtítọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni ó lè kọ́ ọ ní irọ́. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé kì í ṣe iye owó tí a ná tàbí ẹwà ọ̀dà tí a kùn ni ó ń ya òtítọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára irọ́ náà, bí kò ṣe òṣùwọ̀n tí a yàn kí a tó gé páálí àkọ́kọ́.

Òṣùwọ̀n ni Ìpìlẹ̀

Ohun méjì ni kò yẹ kí a dà pọ̀ mọ́ ara wọn. Èkíní ni òṣùwọ̀n, èyí tí í ṣe iye ìgbà tí a fi dín ohun gidi kù. Bí a bá ní òṣùwọ̀n 1:64, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé mílímítà 64 lára ọkọ̀ gidi di mílímítà 1 lára àwòṣe. Èkejì ni ìbú ojú irin, èyí tí í ṣe àlàfo tó wà láàrin irin méjèèjì, láti etí inú ọ̀kan dé etí inú èkejì.

Ìbú ojú irin àtijọ́ ti Nàìjíríà jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti íǹṣì mẹ́fà, èyí tí í ṣe mílímítà 1067. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti Amẹ́ríkà àti ti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù jẹ́ mílímítà 1435. Ìbú ńlá yìí náà ni wọ́n fi tẹ́ ọ̀nà tuntun láti Èkó sí Ìbàdàn, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò ní 2021. Ọ̀nà àtijọ́ tó gba Ìlọrin kọjá fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin dín sí èyí.

Níbí ni àṣìṣe ti sábà máa ń wọlé. Irin àwòṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ lọ́jà àgbáyé jẹ́ mílímítà 16.5 ní ìbú. Òṣùwọ̀n 1:87, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní HO, ni ó bá mu, nítorí pé 1435 tí a bá fi 87 pín yóò fún wa ní 16.5. Irin kan náà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún òṣùwọ̀n 1:76, tí wọ́n ń pè ní OO, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irin náà há jù fún ọkọ̀ wọn. Bí olùkọ́ bá wá kọ́ ọkọ̀ Nàìjíríà ní 1:76, tí ó sì gbé e sórí irin yìí, ọ̀rọ̀ náà yóò yí padà: irin yóò fẹ̀ jù fún ọkọ̀, nítorí pé mílímítà 14 péré ni 1067 jẹ́ ní òṣùwọ̀n náà. Ọ̀kan lára ohun tó ya ọkọ̀ wa sọ́tọ̀ ni pé ara rẹ̀ yọ síta gan-an kọjá irin lọ́tùn-ún lósì. Ọmọ tó bá wo àwòṣe náà kò ní rí i.

Ọ̀nà àbáyọ wà, kò sì nira. Bí a bá fi 64 pín 1067, a ó rí nǹkan bí 16.7. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin èyí àti 16.5 kò tó ohun tí ojú lè rí. Nítorí náà, ẹni tó bá kọ́ ọkọ̀ Nàìjíríà ní 1:64 lè ra irin tó wọ́pọ̀ lọ́jà, kí ohun gbogbo sì bá ara mu. Ọ̀nà yìí ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ń kọ́ àwòṣe ní Niu Silandi àti ní Queensland ní Ọsirélíà ń gbà, nítorí pé ìbú ojú irin tiwọn náà jẹ́ 1067. Fún kíláàsì tí akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ sí, a lè lo 1:24, nítorí pé 1067 yóò jẹ́ nǹkan bí mílímítà 44.5, irin oní-mílímítà 45 sì wà lọ́jà. Ènìyàn tó ga ní mítà 1.7 yóò jẹ́ mílímítà 27 ní 1:64, yóò sì jẹ́ 71 ní 1:24. Ti àkọ́kọ́ dára fún orí tábìlì. Ti èkejì ni ẹni tó jókòó lẹ́yìn kíláàsì lè rí.

Ibi àti Àkókò

Lẹ́yìn òṣùwọ̀n, ibi kan àti àkókò kan ni ó kàn láti yàn. Bí a bá mú Jẹ́bà, ọdún tí a mú ni yóò sọ ohun tí a ó kọ́. Kí wọ́n tó parí afárá Odò Ọya ní 1916, ọkọ̀ ojú omi ni ó ń gbé ọkọ̀ ojú irin sọdá. Àwòṣe àkókò yẹn kò gbọdọ̀ ní afárá. Àwòṣe ibùdó ọkọ̀ Ìlọrin ní àwọn ọdún 1950 lè ní ẹ́ńjìnnì eléèédú àti oní-dísẹ́ẹ̀lì papọ̀, ṣùgbọ́n ti 1908 kò lè ní oní-dísẹ́ẹ̀lì rárá. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá béèrè pé, “Ọdún wo ni èyí?”, ó yẹ kí olùkọ́ lè dá a lóhùn ní gbólóhùn kan.

Yíyan Ẹ́ńjìnnì

Iye ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì ni a fi ń dá a mọ̀. A máa ń ka ẹsẹ̀ kéékèèké iwájú, lẹ́yìn náà àwọn ẹsẹ̀ ńlá tí ọ̀pá irin so pọ̀, lẹ́yìn náà àwọn ti ẹ̀yìn, ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹ́ńjìnnì 2-8-2 ní ẹsẹ̀ kéékèèké méjì níwájú, ẹsẹ̀ ńlá mẹ́jọ láàrin, àti kéékèèké méjì lẹ́yìn. Irú rẹ̀ ni àwọn tí wọ́n ń pè ní River, tí wọ́n dé Nàìjíríà ní ìparí àwọn ọdún 1940. Ilé-iṣẹ́ Vulcan Foundry ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lára àwọn tó kọ́ wọn. Ètò ẹsẹ̀ wọn ní ìdí: bí ẹsẹ̀ bá pọ̀, ìwúwo ọkọ̀ yóò pín kiri, irin fẹ́ẹ́rẹ́ yóò lè gbé e, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sì ń gbé ààrò ńlá tí iná ń jó nínú rẹ̀.

River dára fún àwòṣe Ìlọrin ní àwọn ọdún 1950, ṣùgbọ́n kò lè dúró ní Jẹ́bà tí kò tíì ní afárá.

Ẹni tí kò ní ìwé ìwọ̀n ẹ́ńjìnnì lè wọn fọ́tò. Bí a bá ya fọ́tò náà láti iwájú gan-an, àlàfo irin méjèèjì lábẹ́ ẹ́ńjìnnì jẹ́ 1067; ìyẹn ni a ó fi ṣe rúlà láti mọ ìbú àti gíga ìyókù. Àmọ́ kí a ṣọ́ra. Ẹ́ńjìnnì 29 ti Ìlà Oòrùn Áfíríkà, tí wọ́n fi River ṣe àwòkọ́ṣe fún, jọ ọ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n mítà kan gééré ni ìbú ojú irin ti ibẹ̀. Ẹni tó bá fi 1067 wọn fọ́tò tí wọ́n yà ní Kẹ́ńyà, gbogbo ìwọ̀n rẹ̀ ni yóò tóbi ju bó ṣe yẹ lọ. Jaekel House ní Ẹ̀búté Mẹ́tta, ilé àtijọ́ tí wọ́n sọ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ọkọ̀ ojú irin, àti àwọn àgbà tó ti ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Ọ̀fà àti Ìlọrin, jẹ́ orísun ìmọ̀ tí kò yẹ kí a fojú fò.

Kíkọ́ Ẹ́ńjìnnì

Ìsàlẹ̀ ni a ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ àti ohun tó gbé e ró ni kí a kọ́kọ́ ṣe, kí ó sì máa yí wọ́ọ́rọ́wọ́ kí a tó fi ara lé e. Ẹsẹ̀ ni ó yẹ kí a náwó lé. Èyí tí a rà dára ju èyí tí a fi ìdérí ìgò ṣe, nítorí pé ẹsẹ̀ tí kò rí rogodo yóò máa bọ́ kúrò lórí irin.

Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù ni ọ̀pá tó so àwọn ẹsẹ̀ ńlá pọ̀. Lára ẹ́ńjìnnì gidi tó ní sìlíńdà méjì, ibi tí ọ̀pá ti di ẹsẹ̀ ọ̀tún mú fi ìdá mẹ́rin àyíká yàtọ̀ sí ti òsì. Nígbà tí písítìn kan bá dé òpin ìrìn rẹ̀ tí kò lè ti nǹkan, èkejì wà láàrin agbára rẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹ́ńjìnnì kì í fi í há. Bákan náà ni kí a ṣe é lára àwòṣe, kí ìyàtọ̀ náà sì dọ́gba lórí gbogbo ẹsẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ yóò máa tàsé. Olùkọ́ lè fi èyí ṣàlàyé ìró “fàkàfìkì” tí àwọn àgbà ń sín jẹ: ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ooru tí a ti lò ń tú jáde láti ihò èéfín bí ẹsẹ̀ ńlá bá yí po lẹ́ẹ̀kan.

Páìpù oníke tàbí páálí tí a ká lè di bọ́ílà. Agolo mílíìkì tí a gé sí pẹlẹbẹ lè di ilé awakọ̀. Sípóòkù kẹ̀kẹ́ lè di ọ̀pá. Òjé yíyọ́ ni a fi ń lẹ agolo mọ́ agolo. Mọ́tò kékeré tí ń lo iná bátìrì fóòtì 12 ni yóò máa yí ẹsẹ̀. Kí fíúsì wà lójú wáyà, nítorí pé bátìrì ọ̀kadà lè jó wáyà tín-ínrín gbẹ.

Ìkìlọ̀ kan ṣe pàtàkì ju gbogbo èyí lọ. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ di agolo tó ní omi nínú pa kí ó gbé e kaná nítorí pé ó fẹ́ fi ooru gidi wa àwòṣe. Ooru omi tí kò ríbi jáde yóò fọ́ agolo náà bí ìbọn, ojú àwọn ọmọ tó yí i ká ni yóò sì bá. Bọ́ílà gidi ní ihò ààbò tí ń ṣí fúnra rẹ̀ bí agbára bá pọ̀ jù. Agolo kò ní in.

Kọ́ọ̀ṣì, Wágọ́ọ̀nù àti Ojú Ọ̀nà

Kọ́ọ̀ṣì rọrùn ju ẹ́ńjìnnì lọ láti kọ́, òun sì ni ó ń sọ ìtàn àwùjọ. Kíláàsì kìíní, ìkejì àti ìkẹta ni wọ́n pín àwọn èrò sí. Bí a bá ṣí òrùlé kọ́ọ̀ṣì kí àga inú rẹ̀ lè hàn, akẹ́kọ̀ọ́ yóò fojú ara rẹ̀ rí bí owó ṣe ń ya ènìyàn nípá. Wágọ́ọ̀nù ẹ̀pà láti Kánò, ti màlúù àti ti èédú láti Enugu yóò kọ́ ọ ní ìdí tí wọ́n fi tẹ́ ojú irin náà: ẹrù ni ó ń wá ju èrò lọ.

Gígùn kọ́ọ̀ṣì ni yóò sọ bí ọ̀nà ṣe lè yí kọ́rọ́ tó. Ìlànà tó wúlò ni pé kí ìdajì ìbú àyíká náà tó ìlọ́po mẹ́ta kọ́ọ̀ṣì tó gùn jù. Kọ́ọ̀ṣì oní-mítà 18 yóò jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 28 ní 1:64. Ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ 84. Àyíká tó pé yóò wá gba pátákó tí ìbú rẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 180, èyí tí kò lè gba ẹnu ọ̀nà ọ̀pọ̀ kíláàsì. Pátákó gígùn méjì tí a lè so pọ̀, tí ọkọ̀ ń lọ tí ó ń bọ̀ lórí wọn bí ẹni ń ti Ọ̀fà bọ̀ ní Ìlọrin, ni ó bá ilé-ìwé wa mu jù.

Ìgúnlẹ̀

Ètò tó yẹ kí olùkọ́ tẹ̀ lé ni òṣùwọ̀n, ibi àti àkókò, ẹ́ńjìnnì, lẹ́yìn náà kọ́ọ̀ṣì àti ọ̀nà. Ẹni tó bá yí i po, tí ó kọ́kọ́ ra ẹ́ńjìnnì tó wù ú lójú, ọkọ̀ ilẹ̀ mìíràn ni yóò máa fi han ọmọ Ìlọrin pé tirẹ̀ ni. Àwòṣe oní-páálí tí ìwọ̀n rẹ̀ pé sàn ju èyí tó ń dán tí ìwọ̀n rẹ̀ kò pé. Àwọn tó wa ẹ́ńjìnnì eléèédú, tí wọ́n da èédú sí i lẹ́nu, ti di àgbà. Ohun tí a bá wọ̀n lọ́dọ̀ wọn nísinsìnyí, tí a sì kọ́ bó ṣe rí, ni ọmọ ọ̀la yóò fi mọ ohun tó gba ìlú rẹ̀ kọjá.