Ẹ Jẹ́ Ká Mọ̀: Yàrá Tó Ń Gùn Sí I

Ní ọgbà ìgbafẹ́, ilé tí wọ́n kọ́ yí eré ká kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán. Ẹ wo Haunted Mansion, ilé iwin tí wọ́n ṣí ní Disneyland, ní California, lọ́dún 1969. Bí àlejò bá wọlé, wọn á kó wọn sí yàrá kan tí kò ní fèrèsé. Ògiri á bẹ̀rẹ̀ sí í gùn, àwọn àwòrán ara rẹ̀ á máa gùn tẹ̀ lé e, títí ohun ẹ̀rù tó wà nísàlẹ̀ wọn á fi hàn.

Ilẹ̀ tí wọ́n dúró lé gan-an ló ń sọ̀ kalẹ̀! Ẹ̀yìn ojú irin tó yí ọgbà náà ká ni ilé ńlá tí eré wà, abẹ́ ilẹ̀ sì ni èrò ń gbà débẹ̀. Ìṣòro ilẹ̀ ni wọ́n sọ di ìtàn. Nígbà tí wọ́n kọ́ irú rẹ̀ sí Florida, tí wọ́n ṣí i ní 1971, wọn kò nílò ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ mọ́. Síbẹ̀ wọn ò yọ yàrá náà kúrò. Àjà ló ń lọ sókè níbẹ̀.

Ọkọ̀ inú eré náà kì í sáré rárá. Ilé yẹn ló ń dẹ́rù bani.