Ta Ló Yẹ Kó Ní Ọ̀rọ̀ Ìkẹyìn: Ẹnìkan Tàbí Ìgbìmọ̀?

Gbogbo àwa tí a ń ṣe kọ̀ǹpútà ní kíláàsì la mọ Python, èdè tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà. A mọ̀ pé ìlà tó wà lábẹ́ "if" gbọ́dọ̀ wọlé díẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní ṣiṣẹ́. Ta ló pinnu ẹ̀? Kọ̀ǹpútà kọ́ o, èèyàn ni. Ṣé ẹnìkan ṣoṣo ló yẹ kó máa ṣe irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ ni, àbí ìgbìmọ̀?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ti ìgbìmọ̀. Ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1959, ohun tí wọ́n bá kọ fún kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ kan kì í sábà ṣiṣẹ́ lórí ti òmíràn. Owó ńlá nìyẹn ń ná ìjọba àti àwọn oníṣòwò. Ni wọ́n bá kó aṣojú ìjọba àti ti àwọn ilé-iṣẹ́ jọ láti ṣe èdè kan tí gbogbo wọn á jọ máa lò. COBOL ni wọ́n pè é. Iṣẹ́ náà falẹ̀ débi pé ọ̀kan nínú wọn, Howard Bromberg, bínú lọ ra òkúta ibojì, ó ní kí wọ́n gbẹ́ COBOL sí i lára, ó sì fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá wọn!

Àmọ́ COBOL ò kú. Ní oṣù Kejìlá 1960, ohun kan náà tí wọ́n fi kọ ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ méjì, àyípadà díẹ̀ ló gbà. Títí dòní, àwọn báǹkì ṣì ń lò ó. Ẹnìkan ò lè dá èyí ṣe, torí ilé-iṣẹ́ wo ló máa gbà kí ọmọ ilé-iṣẹ́ mìíràn máa pàṣẹ fún òun?

Ti Python yàtọ̀. Guido van Rossum, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ nígbà ìsinmi Kérésì ọdún 1989, ó sì gbé e jáde ní 1991. Àwọn èèyàn lè mú àbá wá, kí wọ́n jiyàn títí, ṣùgbọ́n tí Guido bá ti sọ̀rọ̀, ó parí. Ìdí nìyẹn tí Python fi dà bí aṣọ tí télọ̀ kan ṣoṣo rán: apá ọ̀tún ò gùn ju tòsì lọ.

Ṣùgbọ́n ẹrù náà wúwo. Ní 2018, àbá kan dé lórí àmì kékeré yìí, :=, tí èèyàn lè fi sọ nǹkan lórúkọ láàárín ìṣirò. Ìjà ńlá bẹ́ sílẹ̀. Guido gbà á wọlé, àmọ́ ní oṣù Keje ọdún náà ó ní òun ò ṣe mọ́. Ó ti sú u kó máa jà fún ìpinnu tí ọ̀pọ̀ èèyàn á tún kórìíra. Kò yan àrólé kankan. Ní 2019, àwọn tó kù dìbò yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún. Guido fúnra ẹ̀ wà lára àwọn márùn-ún àkọ́kọ́.

Ohun tí mo rí nínú ẹ̀ ni pé ẹnìkan dára láti bẹ̀rẹ̀ nǹkan, kí ó lè bára mu. Ṣùgbọ́n tí èèyàn púpọ̀ bá ti gbára lé e, ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Ìgbìmọ̀ náà sì gbọ́dọ̀ kéré, kí ọ̀rọ̀ lè lójútùú.

Ó kàn wá gan-an báyìí, torí ẹgbẹ́ wa fẹ́ fi Python ṣe ohun tí yóò máa kọ orúkọ àwọn tó yá ìwé wa. Àwọn kan ní ká fi gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ fún sẹ́níọ̀ kan tó mọ̀ ọ́n dáadáa. Àwọn mìíràn ní ká dìbò lórí gbogbo nǹkan, títí kan àwọ̀ ẹ̀. Lérò tèmi, kí sẹ́níọ̀ wa kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mélòó la lè fi mú ìwé lọ́wọ́, àti bóyá kí orúkọ ẹni tó pẹ́ dá ìwé padà hàn sí gbogbo èèyàn, kí ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta pinnu ìyẹn, kí JSS sì wà níbẹ̀. Tí sẹ́níọ̀ bá ṣe WAEC tán tó lọ, àwa la máa kù pẹ̀lú ẹ̀.

Kí lẹ̀yin rò? Ẹ mú èrò yín wá sí ìpàdé o.