Kí Ni Ajubọ́ọ̀lù Ṣẹ̀?

Ọ̀rọ̀ eré kríkẹ́ẹ̀tì ni a fẹ́ bá ẹ̀yin olùkàwé wa sọ lónìí, pàápàá ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń kó àwọn ọmọ jáde sí pápá. Ìjà ẹni méjì ni eré yìí: agbábọ́ọ̀lù di igi mú níwájú wíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ajubọ́ọ̀lù sì ń sáré bọ̀ láti wó o. Bí ọ̀kan bá borí lónìí, tí èkejì sì gbẹ̀san lọ́la, eré dùn. Ṣùgbọ́n bí òfin, ọjà àti owó bá gbè sẹ́yìn ẹnì kan ṣoṣo, a kì í pe ìyẹn ní ìjà mọ́, nínà ni.

Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin ọdún 2024, ní pápá Eden Gardens, ní ìlú Kolkata ní ilẹ̀ Íńdíà, ẹgbẹ́ onílé gba ráànù 261 nínú bọ́ọ̀lù 120. Láyé àtijọ́, ẹni tí ó bá ní irú èyí lọ́wọ́ ti lè lọ sùn. Ẹgbẹ́ Punjab gba 262, wíkẹ́ẹ̀tì 2 péré ni wọ́n pàdánù, bọ́ọ̀lù 8 sì tún ṣẹ́kù. Ìgbà 42 ni bọ́ọ̀lù fò kọjá ààlà láì kan ilẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ fi èyí wé ọdún 1975, nígbà ìdíje Ife-Ẹ̀yẹ Àgbáyé àkọ́kọ́ ti àwọn ọkùnrin, ní pápá Lord's ní London. Bọ́ọ̀lù 360 ni ẹgbẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi gba ráànù 334, Sunil Gavaskar ti Íńdíà, ògbóǹtarìgì ọkùnrin, sì kojú bọ́ọ̀lù 174 kí ó tó rí ráànù 36. (A kò sọ pé ìyẹn náà dùn-ún wò.)

Àwọn kan ń sọ pé agbára àwọn ọ̀dọ́ ìwòyí ni ó pọ̀. A kò jiyàn. Wọ́n lágbára, wọ́n sì ń kọ́ iṣẹ́ wọn tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo òfin. Nínú eré bọ́ọ̀lù 120, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2003, agbábọ́ọ̀lù lè dúró láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bí kò bá sí ẹni tí ó lé e kúrò. Ajubọ́ọ̀lù ńkọ́? Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé apá kò ká a lọ́jọ́ náà, bọ́ọ̀lù 24 ni tirẹ̀, ó parí. Nínú bọ́ọ̀lù 36 àkọ́kọ́, ẹni 2 péré ni a gbà láàyè láti ṣọ́ ọ̀nà jíjìn fún un. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá sì ré ìlà kọjá díẹ̀, bọ́ọ̀lù tí ó tẹ̀ lé e di ọ̀fẹ́: ì báà wó wíkẹ́ẹ̀tì lulẹ̀ gbàgà, agbábọ́ọ̀lù kò ní kúrò níbẹ̀.

Ti igi ni ó tún burú. Ní 1771, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Thomas White gbé igi gbàràmù-gbaramu kan wá sí pápá láti bá àwọn ará Hambledon ṣeré; wọ́n fárígá, a sì fi òfin de ìbú igi. Ìbú ni wọ́n ṣọ́, wọ́n gbàgbé sísanra. Ọdún 2017 ni a tó pàṣẹ pé etí igi kò gbọdọ̀ nípọn ju mìlímítà 40 lọ. Mìlímítà 40! Bọ́ọ̀lù tí ó ṣèèṣì kan etí igi, tí ì bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí ń ṣọ́ ẹ̀yìn, a máa fò kọjá okùn ààlà, okùn tí wọ́n sì ti fà wọ inú ní ọ̀pọ̀ pápá.

Àwọn bí Wasim Akram àti Waqar Younis ti ilẹ̀ Pakísítánì mọ bí a ti ń fi bọ́ọ̀lù gbígbó ṣe iṣẹ́ ìyanu: ẹ̀gbẹ́ kan gbó, wọ́n dán èkejì, bọ́ọ̀lù a sì yà bàrá sí ibi tí agbábọ́ọ̀lù kò rò. Láti 2011 ni a ti ń lo bọ́ọ̀lù tuntun 2 nínú eré ọlọ́jọ́ kan, kò sì sí èyí tí ń ráyè gbó mọ́. Ní 2020, nítorí àrùn kòrónà, a ka fífi itọ́ dán bọ́ọ̀lù léèwọ̀. Ní 2022 a sọ ọ́ di òfin gbére. Òtítọ́ ni pé ọwọ́ àwọn aláṣẹ rọ̀ díẹ̀ ní 2025: ìdíje IPL ti Íńdíà dá itọ́ padà, Ìgbìmọ̀ Kríkẹ́ẹ̀tì Àgbáyé sì pàṣẹ pé lẹ́yìn bọ́ọ̀lù 204 nínú eré ọlọ́jọ́ kan, ọ̀kan ni kí a lò dópin. A dúpẹ́. Kò tíì tó.

Àrùn yìí kì í ṣe tòní. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìdíje kan wà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1806, tí ó sì parí ní 1962, láàárín àwọn ọlọ́lá tí kì í gbowó eré àti àwọn tí a ń sanwó fún. Àwọn ọlọ́lá fẹ́ràn igi. Bọ́ọ̀lù jíjù, iṣẹ́ àṣelàágùn, àwọn òṣìṣẹ́ ni wọ́n sábà máa ń fi í sílẹ̀ fún.

Bẹ́ẹ̀ òṣìṣẹ́ yìí náà ni ó ń gba ife. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 2024, ní Bridgetown ní erékùṣù Barbados, ráànù 30 ni ó kù kí Gúúsù Áfíríkà gba Ife Àgbáyé, bọ́ọ̀lù 30 ni ó sì kù. Jasprit Bumrah ju 12 nínú rẹ̀, ráànù 6 péré ni wọ́n rí gbà lọ́wọ́ rẹ̀; Íńdíà fi 7 borí. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, ní Sarawak ní ilẹ̀ Malaysia, àwọn ọmọbìnrin wa tí kò tíì pé ọdún 19 gba 65 nínú bọ́ọ̀lù 78, nítorí òjò gé eré kúrú. Wọ́n wá ju bọ́ọ̀lù títí New Zealand fi dúró sí 63.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ní Cape Town, ní oṣù Kìíní ọdún 2024, eré ọlọ́jọ́ márùn-ún láàárín Íńdíà àti Gúúsù Áfíríkà parí lẹ́yìn bọ́ọ̀lù 642 nítorí bí ilẹ̀ ti rí. Ìyẹn náà kì í ṣe òdodo sí agbábọ́ọ̀lù. Ohun tí àwa ń béèrè ni pé kí a ti okùn ààlà padà sẹ́yìn, kí a fi koríko díẹ̀ sílẹ̀ láàárín pápá, kí a sì jẹ́ kí ajubọ́ọ̀lù tí ó mọṣẹ́ ju bọ́ọ̀lù 36 dípò 24. Ẹ̀yin olùkọ́ ní tiyín, nígbà tí gbogbo ọmọ bá ń du igi, ẹ wo ẹ̀yìn, ẹ fi bọ́ọ̀lù lé ẹni tí kò pariwo lọ́wọ́.