Ẹ Fẹ́ Gbé Jíìpù Yín Ga? Ẹ Wo Táyà Ná

Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní oko tàbí ẹbí ní ìgbèríko Òkè-Ògùn, kò sí ìdí tí a ó fi máa ròyìn fún un bí ọ̀nà amọ̀ ti í rí nígbà òjò. Ọkọ̀ kékeré a dúró sẹ́yìn, onílé a sì ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, a fi ẹsẹ̀ rìn ín dé ibi tí ó ń lọ. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ baálé ilé fi ń ra jíìpù tòkunbọ̀. Ọ̀kan tí a máa ń rí dáadáa nínú wọn ni Toyota 4Runner tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 1996 sí 2002. Ọkọ̀ tí ó lágbára ni. Ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tí ẹni tí ó rà á yóò fi rí irú rẹ̀ lójú títì tí ó ga fíofío, tí táyà rẹ̀ dà bí ti katakata, ọkàn rẹ̀ a sì fà sí i. Nígbà náà ni mẹ́káníìkì yóò sọ fún un pé, "Àlàájì, ẹ fọkàn balẹ̀, owó kékeré ni. Ní ọ̀sán yìí náà ni ẹ ó gùn ún lọ sílé."

Irọ́ kọ́ ni mẹ́káníìkì pa. Ó ṣeé ṣe pẹ̀lú owó kékeré. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ bá kọ́kọ́ ná owó kékeré náà sí ni yóò sọ bóyá ẹ ó dé oko láyọ̀ tàbí wọn yóò gbé yín délé.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí kálukú ń ṣe. Bí wọ́n bá fi irin tàbí sípíríìngì gíga gbé ọkọ̀ sókè, ara ọkọ̀ nìkan ni ó gòkè. Ààsìlì ẹ̀yìn kò kúrò níbi tí ó wà, bẹ́ẹ̀ ni díífù, irin rìbìtì tí ó wà láàárín ààsìlì náà, kò kúrò. Bẹ́ẹ̀, díífù yìí gan-an ni ó máa ń gbá ilẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù bá ti gbẹ́ ipa méjì sí ojú ọ̀nà, tí àárín sì yọ gọngọ. Kò sí ohun tí ó ń gbé díífù sókè bí kò ṣe táyà tí ó tóbi.

Báwo ni ó ti ń gbé e sókè tó? Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà yín. Bí ẹ bá rí 265/70R16 níbẹ̀, 265 ni ìbú táyà ní mìlímítà, 70 ni pé gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 70 nínú 100 ìbú náà, 16 sì ni ìwọ̀n rímù ní ìnṣì. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀, ẹ ó rí i pé táyà náà ga tó mìlímítà 777 láti ilẹ̀ dé orí. Bí ẹ bá fi 265/75R16 rọ́pò rẹ̀, ó di 804. Èrè mìlímítà 27 nìyẹn, ṣùgbọ́n àárín táyà ni ààsìlì wà, nítorí náà ìdajì rẹ̀ péré ni ó kan díífù: kò tó sẹ̀ǹtímítà kan àbọ̀. Ẹ lè fi rẹ́rìn-ín. Ẹni tí díífù rẹ̀ ti há rí, tí ó fi ọkọ́ wa ilẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ nínú òjò, kò ní fi rẹ́rìn-ín.

Èyí tí àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn ni 285/75R16. Ó ga tó mìlímítà 834, ó sì ń fún díífù ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta ó dín díẹ̀. Ṣùgbọ́n lórí 4Runner yìí, bí ẹ bá yí ọwọ́ ọkọ̀ tán, yóò máa ha ara ọkọ̀ lẹ́yìn táyà iwájú, wọn yóò sì ní láti gé níbìkan tàbí kí wọ́n fi òòlù tẹ irin wọlé. Ó wúwo jù, bíréèkì yóò ṣiṣẹ́ jù, ẹ́ńjìnnì yóò mu epo jù. Aago eré pàápàá yóò máa purọ́: nígbà tí ó bá ń fi 100 hàn, 107 ni ẹ ń sá. Pẹ̀lú 265/75R16, 103 péré ni. Ní tèmi, ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀, tí ó sì tún ń fi ọkọ̀ kan náà gbé ọmọ lọ sí ilé ìwé, kò ní ohunkóhun í fi 285 ṣe.

Ó kan gbígbé ọkọ̀ ga. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ mú téèpù, ẹ wọn ọkọ̀ yín láti àárín rímù dé etí fẹ́ńdà, ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọkọ̀ yìí ti lé ní ogún ọdún, sípíríìngì ẹ̀yìn rẹ̀ a sì máa rẹ̀ púpọ̀. Ó lè jẹ́ pé ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ gbé ga ti wálẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, tí ẹ kò sì mọ̀. Sípíríìngì tuntun àti ṣọ́ọ̀kì tuntun nìkan lè dá gíga tí ó sọnù padà, ọkọ̀ yóò sì tún rọ̀ yín lára.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ kí ó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má ṣe kọjá sẹ̀ǹtímítà márùn-ún. Ọ̀nà tí owó rẹ̀ kéré jù ni òrùka irin tí wọ́n ń dè sí orí ẹsẹ̀ iwájú. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ẹsẹ̀ iwájú dúró sí agbede apá irin tí ó di táyà mú, kì í ṣe ìparí rẹ̀, nítorí náà òrùka tí ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà méjì àbọ̀ a fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé iwájú sókè ní ìlọ́po méjì rẹ̀. Ẹ̀yìn kò rí bẹ́ẹ̀. Iye tí ẹ bá fi sí i ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé. Ẹni tí ó bá ra òrùka sẹ̀ǹtímítà márùn-ún fún iwájú nítorí pé ó fẹ́ sẹ̀ǹtímítà márùn-ún yóò rí i pé ọkọ̀ gbójú sókè bí ẹni ń wo òṣùpá, ṣáàfù iwájú yóò sì tẹ̀ débi pé rọ́bà rẹ̀ yóò ya.

Wàyí o, ẹ fetí sí èyí dáadáa. Lábẹ́ ẹsẹ̀ iwájú 4Runner ọdún wọ̀nyí, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ìsàlẹ̀ wà tí a gbé kọ́ bákan: ìwúwo ọkọ̀ ń fà á ya ni, kò tẹ̀ ẹ́ pọ̀. Bí ó bá jẹ tán, yóò yọ, táyà yóò sì wó sẹ́gbẹ̀ẹ́ lójijì. Táyà ńlá àti ẹsẹ̀ gíga a máa yára jẹ ẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan kó gbogbo owó rẹ̀ sórí òrùka irin àti táyà ńlá, ó ní òun yóò yẹ bọ́ọ̀lù jọ́ìntì wò lóṣù tí ń bọ̀. Ẹnu ọ̀nà ọjà ni ó ti yọ, níbi tí ó ti rọra ń yà wọlé, pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ mẹ́ta nínú ọkọ̀. Fẹ́ńdà nìkan ni ó bàjẹ́. Wákàtí kan ṣáájú, lórí títì márosẹ̀ ni wọ́n wà. Ẹ ra ojúlówó, ẹ pààrọ̀ méjèèjì kí ẹ tó fi ọwọ́ kan ohun mìíràn.

Ẹ tún wo okùn bíréèkì ẹ̀yìn bóyá ó ti le kankan lẹ́yìn tí ọkọ̀ gòkè. Ọ̀pọ̀ nínú ọkọ̀ yìí ní irin kékeré kan tí ó ń fi gíga ẹ̀yìn mọ bí ẹrù ti pọ̀ tó. Bí ẹ̀yìn bá ga, yóò rò pé ọkọ̀ ṣófo, yóò sì dín bíréèkì ẹ̀yìn kù. Kí mẹ́káníìkì tún un ṣe, kí ẹ sì ṣe àláínmẹ́ǹtì lọ́jọ́ náà gan-an, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ táyà tuntun yóò jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Nípa táyà fúnra rẹ̀, márùn-ún ni kí ẹ rà, kì í ṣe mẹ́rin, nítorí èyí tí a fi pamọ́ gbọ́dọ̀ bá àwọn yòókù dọ́gba. Irú èyí tí ó wà fún títì àti amọ̀, tí wọ́n kọ A/T sí, tó fún ọ̀pọ̀ wa. Ti amọ̀ nìkan a máa pariwo lórí títì. Ẹ ka nọ́ńbà mẹ́rin tí ó wà ní ìparí àkọlé DOT: 2316 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2016. Táyà tòkunbọ̀ lè ní eyín tó dára kí rọ́bà inú rẹ̀ sì ti kú. Inú irú èyí ni mi ò ní gbé ọmọ mi sí, kódà bí wọ́n bá fi ta mí lọ́rẹ.

Kí ẹ tó pinnu, ẹ pe ìyá yín kí wọ́n wá gun ọkọ̀ náà bí ó ti wà nísinsìnyí. Bí wọ́n bá ń di ilẹ̀kùn mú kí wọ́n tó lè gòkè, ẹ fojú inú wo sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà sí i.

Ohun kan wà tí kò gba owó púpọ̀: ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà, èyí tí ń lo iná ọkọ̀. Bí ẹ bá dé ibi tí amọ̀ tàbí iyanrìn pọ̀, ẹ tú díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ táyà sílẹ̀, kí ó lè fẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ rọra wà á kọjá, kí ẹ sì fẹ́ ẹ padà kí ẹ tó gun títì.