Jíjìn Ọ̀nà àti Àkókò Ìrìn-àjò Òfuurufú: Àpẹẹrẹ láti Ọ̀fà sí Èkó

Ìlànà kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ìṣirò fi ń kọ́ ọmọ nípa ìrìn-àjò: kí ó fi ìwọ̀n eré tí ọkọ̀ ń sá pín jíjìn ọ̀nà, kí àkókò sì jáde. Ìlànà náà kò lábùkù. Ṣùgbọ́n bí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ọ̀fà bá lò ó fún ọkọ̀ òfuurufú tí ó ń ti Ìlọrin lọ sí Èkó, ìdáhùn rẹ̀ yóò yàtọ̀ pátápátá sí ohun tí èrò inú ọkọ̀ náà yóò fojú rí.

Bí ènìyàn bá fa ìlà tààrà láti pápákọ̀ òfuurufú Ìlọrin sí ti Ìkẹjà, yóò tó nǹkan bíi kìlómítà 244. Ọ̀nà ilẹ̀ tí ó gba Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn kọjá súnmọ́ 300, nítorí pé ọ̀nà ilẹ̀ ní láti ya ìlú dé ìlú. Ọkọ̀ òfuurufú ńlá a máa sá tó kìlómítà 800 ní wákàtí kan. Fi 800 pín 244: ìdáhùn kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 18 lọ. Síbẹ̀, nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 ni ìrìn-àjò náà máa ń gbà. Níbo ni ìṣẹ́jú méjìlélọ́gbọ̀n tí ó kù wọlé sí?

Àkókò tí àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ń kà bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ọkọ̀ bá ti kúrò lójú ìdúró rẹ̀, títí di ìgbà tí yóò tún dúró jẹ́ẹ́ ní ibi tí ó ń lọ. Kí ó tó gbéra rárá, ọkọ̀ yóò rọra yí lórí ilẹ̀ dé ibi tí yóò ti sáré, yóò sì dúró de àṣẹ láti ilé ìṣọ́ pápákọ̀. Òkè réré, níbi tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́lẹ́, ni eré 800 yẹn ti ṣeé sá. Gígùnkè dé ibẹ̀ sì ń gba àkókò. Lórí ọ̀nà kúkúrú bí èyí, ọkọ̀ kì í pẹ́ lókè kí awakọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ kalẹ̀. Nígbà tí ó bá sì fẹ́ balẹ̀, ó dára kí ó kọjú sí afẹ́fẹ́, èyí tí ó lè mú kí ó yí ìlú po kí ó tó rí àyè. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kọ 18 kò yẹ ní ẹni tí olùkọ́ ń fa igi lé lórí; ohun tí ó gbàgbé ni ilẹ̀.

Ọ̀nà jíjìn fi èyí hàn kedere. Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù tó kìlómítà 5,000, ó sì ń gba nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà àbọ̀. Ìpíndọ́gba eré rẹ̀ jẹ́ bíi 770 ní wákàtí kan. Ti Ìlọrin sí Èkó kò tó 300.

Ti Ọ̀fà gan-an tún lọ́jú pọ̀ díẹ̀. Ìlú náà kò ní pápákọ̀ òfuurufú. Ìlọrin ni èrò ibẹ̀ ń lọ, gba Àjàṣẹ́-Ìpo kọjá. Bẹ́ẹ̀, lórí àwòrán ilẹ̀, Ọ̀fà súnmọ́ Ìkẹjà ju bí pápákọ̀ Ìlọrin ti súnmọ́ ọn lọ, nítorí kò ju nǹkan bíi kìlómítà 233 lọ. Ẹni tí yóò fò lọ sí Èkó ní láti kọ́kọ́ kọ ẹ̀yìn sí Èkó. Ọkọ̀ ojú irin kò ní irú ìṣòro yìí: ojú irin tí wọ́n tẹ́ láti Èkó gba Abẹ́òkúta, Ìbàdàn àti Òṣogbo, Ọ̀fà ni ó sì kọ́kọ́ kàn kí ó tó dé Ìlọrin ní 1908. Bí èrò Ọ̀fà bá lo wákàtí kan lójú ọ̀nà Ìlọrin, tí ó sì dúró fún wákàtí kan ní pápákọ̀, wákàtí mẹ́ta yóò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé kí ó tó sọ̀kalẹ̀ ní Ìkẹjà.